Sílífà Métálíkì: Bí A Ṣe Ń Fín In Tí Kò Fi Ní Dà Bí Àbùlẹ̀

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ kú iṣẹ́. Mọ́tò tó wà lẹ́yìn mi yìí, Toyota Corolla ni, sílífà. Ọlọ́kadà kan ló fara ha ilẹ̀kùn iwájú rẹ̀ lápá òsì. Páńẹ́lì bítà ti nà án, ó ku tiwa, àwa tó ń fín ọ̀dà. Ẹni tó ni ín ti ní òun ò fẹ́ kí ojú kankan mọ̀ pé wọ́n fọwọ́ kan ibẹ̀. Gbogbo oní-mọ́tò ló ń sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ tó bá ti di sílífà, ìjà ló máa ń dà: "Ọ̀dà tẹ́ ẹ rà ò bá a mu!" Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀dà yẹn bá a mu. Ọwọ́ tá a fi fín in ló yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín lónìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá kóòdù ná. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo sítíkà tó wà lára òpó. Níbi tí wọ́n kọ C/TR sí, èyí tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀ ni kóòdù ọ̀dà, èyí tó tẹ̀lé e jẹ́ ti inú ọkọ̀. Tiwa ni 1F7, sílífà métálíkì ni. Ká ní 040 ni, funfun lásán ni, kò ní métálíkì nínú, ẹ ò ní làágùn púpọ̀. Tó bá jẹ́ 070, ẹ rora kí ẹ tó dá iye owó, torí funfun péálì ni, ìpele mẹ́ta la ń fín in. Ẹ sì rántí pé tòkunbọ̀ lè ti jẹ ọ̀dà míì kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ yọ fílà ojú táǹkì epo dání lọ bá ẹni tó ń po ọ̀dà, kó fi ojú ara rẹ̀ wò ó.

Ọṣẹ àti omi la fi ń fọ̀ ọ́ kí sáńdípépà tó kàn án. Lẹ́yìn náà, oògùn tó ń yọ ọ̀rá. Àkísà méjì ni: ọ̀kan fi ń pa á, èkejì fi ń nù ún kó tó gbẹ. Bẹntiróòlù kọ́ o! Ó máa ń fi ọ̀rá sílẹ̀. Oje tí wọ́n fi ń dán dáṣíbọ́ọ̀dù àti táyà náà, tó bá ta sí ibẹ̀, ọ̀dà á máa sá fún un, á dá ihò róbótó róbótó, ẹ ó sì máa rò pé èpè ni.

Fún pọ́tì tí a fi ń dí kòtò, háádínà tó ń mú un le, gíráàmù 2 sínú gíráàmù 100 ti tó. Ẹni tó bá rọ́ ọ sí i nítorí pé ó ń kánjú, háádínà yẹn á la ọ̀dà jáde lọ́jọ́ iwájú, á bá àwọ̀ jẹ́. Sáńdípépà P80 la fi ń gbẹ́ pọ́tì, P180 tẹ̀lé e, P320 fi ń yọ́ etí ọ̀dà àtijọ́. Ẹ di ojú, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa ibẹ̀ báyìí. Tí ọwọ́ bá ṣì mọ ibi tí ọ̀dà àtijọ́ parí sí, ojú oòrùn á mọ̀ ọ́n. Ibi tí irin bá ti yọ síta, epoxy primer, ọ̀dà ìsàlẹ̀ tó ń di irin mú, la kọ́kọ́ ń fún un. Lẹ́yìn náà ni primer alá-háádínà. Tó bá gbẹ, mo máa ń bu ọ̀dà dúdú díẹ̀ sí i, fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìrì, kí n tó fi omi àti P800 há a. Ibi tí dúdú bá kù sí, kòtò ló wà níbẹ̀. Ẹ rí èyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn? A máa padà sí i.

Kí ẹ tó gbé gọ́ọ̀nù tí a fi ń fín ọ̀dà, ẹ tú omi inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ dànù. Ẹ wo bó ṣe ń dà. Àná la tú u kẹ́yìn o.

Tínà tí a fi ń po ọ̀dà ńkọ́? Tí ọ̀sán bá mú gan-an, tínà tó ń yára gbẹ á jẹ́ kí ọ̀dà gbẹ nínú afẹ́fẹ́ kó tó dé ara irin. Nígbà òjò, òun kan náà ló ń jẹ́ kí ọ̀dà funfun wìnnì wìnnì, torí ó ń fa òtútù, ìrì sì ń balẹ̀ sí i. Èyí tó ń rọra gbẹ lèmi fẹ́ràn, àárọ̀ ni mo sì máa ń fín. Tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, ẹ wọ́n omi sílẹ̀ dáadáa nítorí eruku.

Ẹ sún mọ́ mi níbí o. Nínú sílífà, ìpẹ́ alumíníọ́mù kéékèèké ló ń tàn. Tí ẹ bá fín in rin, àwọn ìpẹ́ yẹn á ráyè rì, wọ́n á dúró wúruwùru, àwọ̀ á dúdú tí ẹ bá kọjú sí i. Tí ẹ bá fín in gbẹ, wọ́n á sùn gbalaja lókè, àwọ̀ á mọ́lẹ̀. Agolo kan náà, kóòdù kan náà, àwọ̀ méjì! Nítorí náà, ẹ fín in sára pálí irin kan ná, pẹ̀lú kílíà, ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń dán, lórí rẹ̀, torí sílífà tí kò ní kílíà ò tíì sọ òótọ́. Ẹ gbé e jáde sójú oòrùn, ẹ fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Ẹ kọjú sí i, ẹ tún dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wò ó. Iná inú ṣọ́ọ̀bù ò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé.

Imú gọ́ọ̀nù mi jẹ́ mílímítà 1.3, atẹ́gùn bíi bar 2, ó jìnnà sí ilẹ̀kùn ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Ẹ jẹ́ kí ìlà kọ̀ọ̀kan gun ìdajì èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ọwọ́ ni kó rìn, ẹ má fi ọrùn ọwọ́ jù ú bí abẹ̀bẹ̀. Lẹ́ẹ̀kíní, mo dúró sórí ilẹ̀kùn nìkan. Mo dúró títí dídán rẹ̀ fi lọ. Lẹ́ẹ̀kejì, mo jẹ́ kó kọjá díẹ̀ sára fẹ́ńdà àti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo ń tú ọwọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ń lọ, mi ò dé etí wọn. Ibi tí ojú máa sọ ìyàtọ̀ nù sí nìyẹn. Ní ìgbẹ̀yìn, mo fà sẹ́yìn tó sẹ̀ǹtímítà 30, mo dín atẹ́gùn kù, mo yára gbá a kọjá fẹ́ẹ́rẹ́. Òun ló ń pa àwọn àmì bí ìkùukùu tó máa ń hàn lára sílífà rẹ́.

Ìbòmú ńkọ́? Háádínà inú kílíà ní isocyanate, ó máa ń fa ikọ́ fée. Ìbòmú tí a lò nígbà kọ́fíìdì ò ṣe é rárá. Èyí tó ní àgólò èédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni kí ẹ rà, èyí tó ń gba afẹ́fẹ́ láti ìta sì tún dára jù.

Kílíà, gbogbo fẹ́ńdà àti ilẹ̀kùn méjèèjì ló máa jẹ ẹ́, títí dé etí. Ẹ má dá a dúró láàárín. Kílíà 2 sí háádínà 1 ni tiwa, ẹ ka ara agolo tiyín, ẹ má sì fi háádínà ilé iṣẹ́ kan po kílíà ilé iṣẹ́ míì. Bí owó bá kéré, ẹ dín in kù níbòmíì, kó má jẹ́ lára kílíà. Èyí tí kò ní háádínà, oòrùn ilẹ̀ wa á bó o.

Lọ́jọ́ kejì, eruku tó bá bọ́ sí i, P2000 àti omi, kí ẹ tó fi kọ́ḿpáǹdì dán an. Ẹ sọ fún oní-mọ́tò pé kó má gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ mọ́tò fún ọ̀sẹ̀ kan, kó má sì ta wax sí i títí oṣù kan á fi pé.