Bí A Ṣe Ń Ṣọ́ Eku Etídò ní Ìgbà Ooru

Ẹ dákẹ́ ná, ẹ tẹ́tí. Ṣé ẹ gbọ́ ọ? "Pó!" Bí ìgbà tí ọmọdé ju òkúta kékeré sínú kànga. Ẹranko tí a wá wò ló bẹ́ sómi yẹn. Ó ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wa kí a tó fojú kàn án.

Àwọn Òyìnbó ń pè é ní water vole. Èmi á máa pè é ní eku etídò. Rainham Marshes la wà, ilẹ̀ àbàtà kan létí odò Thames, ní ìlà-oòrùn London. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Dagenham tàbí Grays, ẹ̀yìnkùlé yín nibí: ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin dé Purfleet, ẹ fẹsẹ̀ rìn díẹ̀, ẹ ti dé. Àwọn sójà ló ń fi ibẹ̀ kọ́ ìbọn yíyìn tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ RSPB tó ń dáàbò bo àwọn ẹyẹ rà á ní ọdún 2000, wọ́n sì ṣí i fún gbogbo èèyàn ní 2006.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ti rí eku yìí, tí wọ́n rò pé èkúté ni. Ẹ wo imú rẹ̀ dáadáa. Imú èkúté rí ṣóńṣó, ti eléyìí rí roboto. Etí rẹ̀ sá pamọ́ sínú irun. Ìrù èkúté gùn, kò sì nírun. Ìrù tirẹ̀ kúrú, irun sì bò ó.

Ẹni tó bá ti bá ọdẹ rìn rí nílé ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Báwo ni ọdẹ ṣe ń mọ̀ pé ọ̀yà wà nítòsí? Ilẹ̀ ló ń wò: koríko tí ọ̀yà gé jẹ, ojú ọ̀nà tó ń gbà, ìgbẹ́ tó yà sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti eku etídò. Ẹ wo ẹsẹ̀ omi níbí yìí. Ó ti gé koríko kéékèèké, ó kó wọn jọ sójú kan, ẹnu ibi tó gé sì dà bí ìgbà tí èèyàn fi àdá bẹ́ ìrèké ní ẹ̀gbẹ́. Ìgbẹ́ rẹ̀ nìyẹn: ó gùn ju hóró ìrẹsì lọ díẹ̀, orí rẹ̀ méjèèjì kò mú, kì í sì í rùn bíi ti èkúté. Abo ló máa ń kó o jọ bẹ́ẹ̀ lásìkò ìbímọ, ó fi ń pààlà ilẹ̀ rẹ̀ ni. Ẹ tún wo ẹnu ihò yẹn, bí koríko ibẹ̀ ṣe kúrú. Ìyá ọlọ́mọ ló jẹ ẹ́, torí kò fẹ́ jìnnà sáwọn ọmọ rẹ̀.

Tí ẹ bá ti rí irú àmì báyìí, ẹ dúró sójú kan. Ẹ má jẹ́ kí òjìji yín bọ́ sórí omi. Àárọ̀ kùtù àti ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo fẹ́ràn jù. Tó bá jáde, á jókòó lórí ìdí, á fi ọwọ́ méjèèjì di koríko mú bí ọmọdé tó ń jẹ àgbàdo. Lójúmọ́ kan, oúnjẹ tó ń jẹ lè tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí nípa ẹranko yìí ni bó ṣe di ọ̀wọ́n. Àwọn tó ń ṣọ́ wọn sọ pé ó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn lọ tó ti pòórá ní Britain. Wọ́n ti ba etídò púpọ̀ jẹ́, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mink, ẹranko kékeré kan tó ń pa ẹran jẹ, ni ọ̀tá tó le jù. Ní àwọn ọdún 1920 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó o wá láti Amẹ́ríkà, kí wọ́n lè máa sìn ín nítorí awọ rẹ̀. Àwọn kan sá lọ, nígbà tó sì fi di 1956, ẹ̀rí ti wà pé wọ́n ń bímọ nínú igbó. Ọ̀nà méjì péré ni eku etídò mọ̀ tó fi ń sá fún ọ̀tá: kó bẹ́ sómi, tàbí kó wọ ihò. Mink mọ̀ wẹ̀. Abo mink sì tẹ́ẹ́rẹ́ tó láti bá a wọnú ihò. Ẹran tí omi kò gbà sílẹ̀, tí ilé kò gbà sílẹ̀, níbo ni yóò tún sá sí? Láti 2008 ni òfin ti dáàbò bò ó pátápátá ní England: a kò gbọdọ̀ pa á, a kò sì gbọdọ̀ dí ihò rẹ̀.

Bí ẹ ti ń dúró dè é, ẹ gbójú sókè. Lámilámi wà níbi gbogbo. Kọ̀ǹkọ̀ ń ké nínú kòtò bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹyẹ funfun tó jọ lékeléke yẹn, ọdún 1996 ló kọ́kọ́ pamọ ní Britain. Àwọn tó sì ń fò lórí omi, alápàńdẹ̀dẹ̀ ni. Wọn ò ní pẹ́ lọ. Wọ́n á gba orí aṣálẹ̀ Sahara kọjá lọ sí Áfíríkà. Ní Boje, ní ìpínlẹ̀ Cross River, àwọn alápàńdẹ̀dẹ̀ tó ti Yúróòpù wá máa ń sùn sínú èèsún lórí òkè, wọ́n sì ju mílíọ̀nù kan lọ. Ẹyẹ tí ẹ ń wò yìí lè rí Nàìjíríà kí èmi àtẹ̀yin tó délé.

Ẹ rọra. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tó wó sómi yẹn, lọ́wọ́ òsì. Ó ti jáde.