Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Kì Í Dá Rìn

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ara mi ṣẹ̀fẹ̀. Lọ́jọ́ kan, èmi àti ọkùnrin kan tí kò gbọ́ Yorùbá rárá jọ jókòó nídìí iṣẹ́. Mo fẹ́ lọ mú ìwé kan ní yàrá kejì. Mo dìde, mo kọjú sí ẹnu ọ̀nà, mo sì sọ fún un pé, “I'm coming.” Ọkùnrin náà wò mí, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó tún wò mí. Ẹni tó ń lọ ló ń wò, ẹni tó ń bọ̀ ló ń gbọ́. Títí mo fi padà dé, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Kò sí àṣìṣe kankan nínú gbólóhùn yẹn tí ẹ bá fi gírámà wọ̀n ọ́n. Olùkọ́ kankan kò ní fi yíǹkì pupa fà á. Àmọ́ Yorùbá ni mo sọ, mo kàn da aṣọ Gẹ̀ẹ́sì bò ó ni. “Mò ń bọ̀” tiwa lè jáde lẹ́nu ẹni tó ń lọ, nítorí ìpadàbọ̀ rẹ̀ ló ń sọ. “Come” ti Gẹ̀ẹ́sì kò gbà bẹ́ẹ̀: ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ ni ẹsẹ̀ yín gbọ́dọ̀ kọrí sí. Ẹni tó ń lọ, tó sì fẹ́ tètè padà, “I'll be right back” ló máa sọ. Àwọn àgbà ní àgbọ́ìgbọ́tán Ègùn, ìjà ní í dá sílẹ̀. Orí ló yọ mí tí tèmi fi mọ sí ẹ̀rín.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì fúnra yín sọ, ẹ̀yin tí ẹ kò ní olùkọ́, tó jẹ́ pé àárín iṣẹ́ òòjọ́ lẹ ti ń jí àkókò díẹ̀ díẹ̀ yọ. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í dá rìn. Ẹni tó bá kọ́ ọ ní òun nìkan, tí kò mọ àwọn tó ń bá a rìn, kò tíì kọ́ ọ.

Bí ọ̀pọ̀ wa ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí: a ó ra ìwé tuntun, a ó fa ìlà sí àárín rẹ̀, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lápá òsì, ìtumọ̀ Yorùbá lápá ọ̀tún. Ogún ọ̀rọ̀ lójúmọ́. Nígbà tó bá fi máa di oṣù kejì, ìwé ti kún, ẹnu ò sì lè sọ ju bó ṣe ń sọ tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ti ṣe é rí. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ ńláńlá ló kún inú rẹ̀, irú èyí tí àwọn èèyàn máa ń gbọ́ tí wọ́n á ní, “Ẹ ò rí gírámà lẹ́nu ẹ̀!” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ya nǹkan méjì yìí sọ́tọ̀. Ohun tí à ń pè ní gírámà nígboro ni ọ̀rọ̀ tó le, tó ń dún gbàmùgbàmù. Gírámà gan-an ni bí ọ̀rọ̀ ṣe ń tò tẹ̀lé ara wọn, kódà kó jẹ́ ọ̀rọ̀ kéékèèké.

Àwọn kéékèèké yẹn ló sì ń ru ẹrù èdè náà. Ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ńlá ti Oxford, nígbà tí wọ́n tẹ ẹ̀dà rẹ̀ kejì jáde lọ́dún 1989, ìdìpọ̀ 20 ni. Kò sí ọmọ èèyàn tó lè há a sórí. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1953, Michael West tó jẹ́ olùkọ́ èdè gbé àkójọ kan jáde, nǹkan bí ọ̀rọ̀ 2,000 tí wọ́n ń lò jù. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìgbà náà rí i pé nínú ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tó bá wà lójú ìwé lásán, bíi mẹ́jọ ló wà nínú àkójọ yẹn. Get, take, put, make, keep. Ẹ mú take nìkan. Take a seat, ìjókòó ni. Take a photo, ẹ ya fọ́tò. Take your medicine, ẹ lo oògùn yín. Take your time, ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ là ń lò, take kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò. Ẹni tó mọ gbogbo ojú tí take ń fi rìn ti ṣiṣẹ́ ju ẹni tó há ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ gbàmùgbàmù sórí lọ. Èrò tèmi nìyẹn, mi ò sì ní yí i padà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ká tú u wò dáadáa. Yá. Mo lè ní, “Mo yá báírò lọ́wọ́ rẹ̀.” Mo sì lè ní, “Mo yá a ní báírò.” Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni. “Lọ́wọ́” àti “ní” ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá báírò ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi ni tàbí ó ń kúrò lọ́dọ̀ mi. Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an ló ń pààrọ̀: borrow ni ti ẹni tó ń gbà á, lend ni ti ẹni tó ń fún ni. Ibi tí “Borrow me your pen” ti ń wá nìyẹn. A wá “yá” lọ sínú ìwé atúmọ̀ èdè, a bá borrow níbẹ̀, a gbé e, a ń lọ. A ò bi í pé ta ló ń bá a rìn.

Ẹ wo ojú ewé yìí nínú ìwé mi tuntun. Mi ò fa ìlà sí àárín mọ́. Mo kọ “Can I borrow your pen?” Mo kọ “I borrowed it from her,” mo sì fa ìlà sábẹ́ from. Nísàlẹ̀, mo kọ “Can you lend me your pen?” àti “She lent it to me.” Mo fa ìlà sábẹ́ to. Gbólóhùn mẹ́rin péré ló gba odindi ojú ewé, òun nìkan náà ni mo kọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ wá wo ohun tó wà níbẹ̀. From ló ń bá borrow rìn, to ló ń bá lend rìn. Lent sì ti jẹ́ kí n mọ bí lend ṣe ń rí nígbà tí nǹkan bá ti kọjá. Gírámà ti wọlé, mi ò sì ṣí ìwé gírámà kankan.

“Gbọ́” náà ń dọdẹ wa. A ń gbọ́ ohùn, a ń gbọ́ òórùn, a ń gbọ́ èdè: hear, smell, understand. Ẹni tó bá ní “I'm hearing the smell,” ẹ ti mọ ibi tó gbé e gbà.

Ibi tó ta kókó jù fún wa, lójú tèmi, ni ọ̀rọ̀ ìgbà. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í pa àwọ̀ dà. Ń lọ, ti lọ, máa lọ: “lọ” dúró gbọin, àwọn tó wà níwájú rẹ̀ ló ń sọ ìgbà. Gẹ̀ẹ́sì a máa yí ara ọ̀rọ̀ náà padà: go, went, gone. Kí ló wá kan went nínú ọ̀rọ̀ go? Ó ní ìtàn. Ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn wà láyé àtijọ́ tó ń jẹ́ wend, òun ló ni went. Nígbà tó yá, go gba went mọ́ ọn lọ́wọ́, wend sì di ẹni tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí mọ́. Tí ọmọdé bá bi yín pé kí ló dé tí kì í ṣe “goed,” ẹ ti rí èsì fún un.

Iṣẹ́ alẹ́ ló ń wo àìsàn yìí. Kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ kọ gbólóhùn márùn-ún nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ti kọjá, torí náà, ẹ fẹ́, ẹ kọ̀, gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe yín ló máa wọ aṣọ àná. I woke up late. I missed the bus. My sister laughed at me. Èyí tí kò bá dá yín lójú, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó pa ìwé dé. Tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, ẹ yí ọwọ́ padà, ẹ kọ ohun tí ẹlòmíràn máa ń ṣe lójoojúmọ́. She wakes up late. She misses the bus. “S” kékeré ìdí ọ̀rọ̀ yẹn, tí kò sí nínú èdè wa, ló máa ń tú àṣírí ẹni tó ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láti ọgbọ̀n ọdún.

Ẹ sì rí i pé she ni mo kọ. Lédè wa, ọkùnrin ni “ó,” obìnrin ni “ó,” àga náà ni “ó.” Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi máa ń yọ̀ tí a bá ń sọ̀rọ̀ kíákíá, tí a ó pe ìyá ẹni ní he. Ọ̀wọ̀ tún fi tirẹ̀ kún un. “Wọ́n ń pè yín,” bàbá kan ṣoṣo ló ń pè o. A ó gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì, a ó ní “They are calling you,” ẹni tó gbọ́ ọ á wá máa wá èrò lójú ọ̀nà. Kò sí àrífín nínú he. Bàbá yín ò ní bínú.

Ẹ jẹ́ ká yà sọ́dọ̀ ìwé atúmọ̀ èdè díẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ni èdè yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ṣe fún àwa tó ń kọ́ ọ. A. S. Hornby, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó lọ ń kọ́ni ní Japan, wà lára àwọn tó la ọ̀nà kejì yìí, Tokyo ni ìwé tirẹ̀ sì ti kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1942. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá, ẹ ó máa rí lẹ́tà C tàbí U lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ níbẹ̀. C ni ohun tó ṣeé kà ní oókan, eéjì; U ni èyí tí kò ṣeé kà bẹ́ẹ̀. Advice, information, furniture, equipment, luggage: U ni gbogbo wọn. A kì í fi s sí wọn nídìí, a kì í fi a tàbí an síwájú wọn. Ìmọ̀ràn mẹ́ta, three pieces of advice ni. Kò bọ́gbọ́n mu, mo mọ̀. Àga ṣeé kà, tábìlì ṣeé kà, ẹ wá kó wọn jọ kẹ́ ẹ pè wọ́n ní furniture, wọn ò ṣeé kà mọ́. Ẹ má bá a jà. Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku ìgbàgbé. Hermann Ebbinghaus, ọmọ Jámánì, fi ara rẹ̀ dán èyí wò kó tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1885. Ó ń há àwọn sílébù tí kò nítumọ̀ sórí, ó wá ń wọn iye tó ṣẹ́kù bí wákàtí àti ọjọ́ ṣe ń kọjá. Ó rí i pé wákàtí àkọ́kọ́ ni ìgbàgbé ti ń kó ẹrù jù, lẹ́yìn náà á wá rọra. Ó tún rí i pé kéèyàn pín àtúnyẹ̀wò sí ọjọ́ mélòó kan sàn ju kó rọ́ gbogbo rẹ̀ sójú kan lọ. Akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ Sebastian Leitner sọ ọ́ di àpótí ní àwọn ọdún 1970. Ẹ kọ káàdì, ẹ pín àpótí sí ọ̀nà mélòó kan. Káàdì tí ẹ bá rántí, ó bọ́ síwájú, ó di ọjọ́ mélòó kan kẹ́ ẹ tó tún rí i. Èyí tí ẹ bá gbàgbé, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀la ni yóò tún pàdé yín. Áàpù Anki ń bá èèyàn ṣe irú ìṣirò yìí lórí fóònù, àmọ́ bébà lásán náà tó. Ohun tí ẹ bá kọ sí i lọ̀rọ̀ wà. Ẹ má kọ lend síwájú, kẹ́ ẹ kọ yá sẹ́yìn. Ẹ kọ odindi gbólóhùn, “Can you lend me your pen?” kẹ́ ẹ fi àlàfo sí ibi tí lend yẹ kó wà, kẹ́ ẹ wá kọ lend sẹ́yìn káàdì.

Tí ẹ bá ń kà á, ẹ kà á síta. Record tó jẹ́ orúkọ, iwájú ọ̀rọ̀ náà ni ohùn ti ń wúwo jù. Record tó jẹ́ ìṣe, ẹ̀yìn ni. Etí tó ti mọ igbá yàtọ̀ sí ìgbà kò ní ṣàì gbọ́ ìyẹn.

Ó yá, iṣẹ́ kan rèé. “My father borrowed me his book yesterday and they give me many advices.” Àṣìṣe mẹ́rin ló wà níbẹ̀, a sì ti sọ nípa gbogbo wọn. Ẹ dá fídíò dúró, kẹ́ ẹ wá wọn.

Ṣé ẹ ti ṣe tán? “My father lent me his book yesterday and he gave me a lot of advice.” Tó bá jẹ́ mẹ́ta lẹ rí, ẹyọ kan tó ṣẹ́kù yẹn ni kẹ́ ẹ kọ sí káàdì àkọ́kọ́ lálẹ́ òní.