Kí Abẹ Tó Kan Ara: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìpá àti Abẹ́rẹ́ Apakòkòrò

Ẹ̀yin èèyàn Ìbàdàn, mo kí yín. Ìpá tí mo ń sọ lónìí kì í ṣe ìpá olómi. Èyí tí ìfun gba ibi tí ẹran ikùn ti rọ̀ yọ ni: béèyàn bá húkọ́, á yọ síta, bó bá dùbúlẹ̀, á wọlé padà. Oníṣẹ́ abẹ á dá ìfun padà, á sì rán ojú ibẹ̀ tàbí kó fi àwọ̀n dí i. Ọ̀pọ̀ ló ń lọ sílé lọ́jọ́ náà gan-an. Ìyọnu ibẹ̀ ni kí ojú ọgbẹ́ wá máa ṣe ọyún.

Lára aláìsàn fúnra rẹ̀ ni kòkòrò tó ń fa ọyún náà ti sábà ń wá. Èyí tí wọ́n ń pè ní Staphylococcus aureus ń gbé inú imú àti awọ ọ̀pọ̀ wa, kò sì ṣe wá ní nǹkan kan, àfi bí abẹ bá lanà fún un.

Ní 1961, John Burke, oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà, dán ìgbà tó yẹ kí wọ́n fúnni ní oògùn apakòkòrò wò lára ẹranko. Oògùn tó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ kí kòkòrò tó dé ló ṣiṣẹ́ jù. Èyí tó dé lẹ́yìn wákàtí 3 kò yàtọ̀ sí pé wọn ò fún un rárá. Ní 1992 ìwádìí lára èèyàn jáde ní ìpínlẹ̀ Utah. Àwọn tó gba oògùn láàárín wákàtí 2 ṣáájú abẹ, ìdá 0.6 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọgbẹ́ wọn bàjẹ́. Àwọn tó gbà á nígbà tó ti pẹ́ lẹ́yìn abẹ, 3.3 ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sọ ọ́ ní 2016: láàárín ìṣẹ́jú 120 ṣáájú abẹ, ẹ má sì fà á gùn lẹ́yìn rẹ̀.

Àmọ́ níbí ńkọ́? Bí mi ò bá kọ kápúsù apakòkòrò ọlọ́jọ́ méje fún aláìsàn lẹ́yìn abẹ, wọ́n á ní, "Dókítà, ṣé bẹ́ẹ̀ náà la ṣe máa lọ?" Wọ́n á gba Agbeni lọ ra Ampiclox. Àwọn kan á tú kápúsù náà dà sójú ọgbẹ́; ìyẹ̀fun á pò mọ́ omi ara, á dì bí ẹ̀kọ, èmi náà á wá máa fi omi rẹ̀ ẹ́ kúrò kí n tó lè rí òwú tí mo fi rán an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é mọ́.

Ṣé gbogbo ìpá ló tiẹ̀ nílò abẹ́rẹ́ apakòkòrò ṣáájú abẹ? Ìlànà àgbáyé lórí ìpá tó jáde ní 2018 ní níbi tí ọgbẹ́ kì í ti í sábà bàjẹ́, ẹni tí ara rẹ̀ le kò nílò rẹ̀, kódà pẹ̀lú àwọ̀n. Níbi tó bá ti wọ́pọ̀, kí ẹni tí wọ́n ń fi àwọ̀n sí lára gbà á. Ilé ìwòsàn tí kò bá ka ọgbẹ́ tó ṣe ọyún kò lè mọ èyí tóun jẹ́ nínú méjèèjì, ọ̀pọ̀ wa ni kì í sì í kà á. Ní tèmi, bí mo bá fẹ́ fi àwọ̀n sí i, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la ń fún un, sínú iṣan, nínú tíátà.

Ẹ má fá irun abẹ́ ikùn nílé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, torí ibi tí bíléèdì bá ti ha awọ ni kòkòrò ń kó sí. Bó bá pọn dandan, a ó fi ẹ̀rọ gé e.

Bàbá kan béèrè bóyá kóun tó ní àtọ̀gbẹ ti bẹ̀rẹ̀ kápúsù láti ilé. Rárá o, bàbá. Ẹ jẹ́ kí ṣúgà yín wálẹ̀ kẹ́ ẹ tó wá, kẹ́ ẹ sì fi sìgá sílẹ̀. Bí ojú ọgbẹ́ bá pupa, tó ń gbóná tàbí tó ń ṣomi láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, tàbí àádọ́rùn-ún ọjọ́ bó bá ní àwọ̀n, ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é ni kẹ́ ẹ padà sí.