Èènì Tó Gba Ọjà: Maroon 5, Hands All Over, àtàwọn orin tí wọ́n so mọ́ ìdí ẹ̀

Okun o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ olórin sọ ní Kábà lọ́jọ́ Sátidé nìyí, lórí bónọ́sì, ìyẹn orin èènì tí wọ́n máa ń so mọ́ álíbọ́ọ̀mù, ẹ̀yin tẹ́ ò ráyè wá láti Ìsánlú, Mópà, Ẹ̀gbẹ̀ àti Lọ́kọ́jà lẹ ní kí n kọ ọ́ síbí, mo ti yọ ibi tí jẹnẹrétọ̀ ti dí wa lọ́wọ́ kúrò, mo sì fi ìbéèrè méjì tó gbóná síbi tó yẹ.

Àwọn kan kọ́kọ́ bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ báǹdì òyìnbó ni mo mú, ṣé ẹni tiwa ò sí ni. Ó wà kẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá mú báǹdì kan láti Yàgbà tàbí Ìjùmú, tí mo ní álíbọ́ọ̀mù wọn dùn níwájú kò dùn lẹ́yìn, a ò ní fi àlàáfíà jáde nínú họ́ọ̀lù yẹn, bàbá onígìtá á ti dìde, ìyá akọrin náà á ti máa tú gèlè. Maroon 5 jìnnà sí wa, wọn ò ní wá bá mi jà, ẹ sì mọ orin wọn dáadáa, torí àwọn DJ wa ò jẹ́ kí Moves Like Jagger sinmi níbi ìgbéyàwó. Orin yẹn gan-an ni ẹjọ́ mi.

Los Angeles ni wọ́n ti wá. Ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ni wọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1994, Kara's Flowers ni wọ́n ń jẹ́ nígbà yẹn, ọjà ò tà, wọ́n yí orúkọ padà, wọ́n mú onígìtá kan kún ara wọn, Songs About Jane sì jáde lọ́dún 2002. Ìyẹn tà ju mílíọ̀nù 10 lọ káàkiri ayé. Ìkejì jáde lọ́dún 2007, Makes Me Wonder tó wà nínú ẹ̀ gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀kẹta ni Hands All Over, September 2010, òun la jókòó lé.

Ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ pùròdúsà ọ̀hún fún, ìyẹn ẹni tó ń darí bí wọ́n ṣe ń ká orin, ni Robert John Lange, Mutt ni gbogbo ayé ń pè é. Mufulira ní Zambia òde òní ni wọ́n bí i sí, ẹ jẹ́ ká gbà pé ará ilé ni (mo fẹ́ràn kí n máa fa èèyàn mọ́ra). Òun ló ṣe Back in Black fún AC/DC lọ́dún 1980, òun ló ṣe Hysteria fún Def Leppard lọ́dún 1987, òun náà ló tún ṣe Come On Over fún Shania Twain lọ́dún 1997. Rọ́ọ̀kì líle, rọ́ọ̀kì tó ń dán, kọ́ńtìrì. Kò sí fọ́ńkì níbẹ̀ o, orin tí básì àti ìlù ẹ̀ ń mú èèyàn jó yẹn. Àwọn tó jẹ́ pé fọ́ńkì àti sóòlù ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe jù wá kó ẹrù lọ sí sítúdíò ẹ̀ lẹ́bàá adágún Geneva ní Switzerland.

A gbọ́ ọ pọ̀ ní họ́ọ̀lù. Misery ló ṣíwájú, gìtá ibẹ̀ ò fà rárá, onígìtá ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa okùn ẹ̀ bó ṣe ń ta á, básì ń rìn lábẹ́ ẹ̀, ààyè sì wà láàárín ohun èlò kan sí ìkejì, kò sẹ́ni tó ń gun ẹnì kejì lórí. Give a Little More náà bẹ́ẹ̀. Stutter ń sáré, ó dùn. Títí dé orin karùn-ún, Never Gonna Leave This Bed, tó rọra, mi ò ní ẹjọ́ kankan. Ẹ wá fò dé orin keje tí wọ́n fi sọ álíbọ́ọ̀mù lórúkọ, ìlù ibẹ̀ ń dún gbàm̀-gbàm̀, Def Leppard pọ́ńbélé, gìtá kún ibẹ̀ fọ́fọ́, ohùn Adam Levine, olórí akọrin wọn, tó tín-ínrín tó sì ga ń bá a wọ̀yá ìjà, ìlù borí. Orin yẹn ò burú, àmọ́ ti báǹdì mìíràn ni. How tẹ̀ lé e, ó tún fà sílẹ̀. Get Back in My Life ní òun ti rántí fọ́ńkì. Nígbà tá a máa fi dé ìkejìlá, Out of Goodbyes, báǹdì Lady Antebellum ti wọlé, kọ́ńtìrì pátápátá. Mo fẹ́ràn orin yẹn o, ká má purọ́, ṣùgbọ́n kí ló wá ń ṣe níbẹ̀?

Misery ò kọjá ipò 14 lórí Hot 100, àtẹ orin tó ń lọ lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà. Álíbọ́ọ̀mù fúnra ẹ̀ wọlé sí ipò kejì lórí àtẹ álíbọ́ọ̀mù, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Ó yá, bónọ́sì. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí lọ́jà Kábà. Màmá wọ̀n mudu gàrí tán, ìwọ ò kúrò níbẹ̀, o ní "Màmá, èènì mi ńkọ́?", wọ́n á bu ẹ̀kúnwọ́ lé e. Inú àpò kan náà ni ẹ̀kúnwọ́ yẹn ti wá, ìdí nìyẹn tí kì í fi í dá ìjà sílẹ̀, gàrí Ìjùmú lo rà, gàrí Ìjùmú ni èènì ẹ. Nínú àwọn ẹ̀dà Hands All Over tí wọ́n fi orin kún, Last Chance wà níbẹ̀, No Curtain Call wà níbẹ̀, wọ́n tún kọ Crazy Little Thing Called Love ti Queen, èyí tó ti jáde látọdún 1979, ìyẹn eré lásán ni. Last Chance àti No Curtain Call, àpò kan náà ni. Last Chance gan-an dáa ju orin mẹ́ta tó wà nínú ọjà fúnra ẹ̀ lọ, ẹ lọ gbọ́ ọ kẹ́ ẹ tó bá mi jà.

Kì í ṣe ìfẹ́ ni àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù fi ń fún èèyàn ní bónọ́sì. Ní Japan, òfin gbà wọ́n láàyè láti dá iye tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ ta sídíì, owó ẹ̀ wá ga, sídíì kan náà tí wọ́n kó wọ̀lú láti Amẹ́ríkà á sì dínwó. Kí ni wọ́n máa ṣe káwọn èèyàn lè ra ti ilé? Wọ́n so orin kan tàbí méjì mọ́ ọn tí kò sí níbòmíràn. Sídíì ò kọ̀ ọ́ náà, ó gba ìṣẹ́jú 74, rẹ́kọ́ọ̀dù aláwo sì rèé, tó o bá ti kọjá bí ìṣẹ́jú 22 lójú kan, ìlà ẹ̀ á fún pọ̀, ohùn á relẹ̀. Ẹ wo Ebenezer Obey àti King Sunny Ade láwọn ọdún 1970, wọ́n lè fi orin kan tó so kọ́ra gba odindi ojú kan, ibo lẹ fẹ́ gbé èènì sí?

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí tí àìsí ààyè yìí ṣèkà fún orin tó dáa. Nígbà tí báǹdì Fleetwood Mac ń ṣe Rumours tó jáde lọ́dún 1977, Stevie Nicks, akọrin wọn, kọ Silver Springs, orin náà gùn, wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n jù ú sí ojú kejì àwo kékeré tí Go Your Own Way wà lójú kìíní ẹ̀. Inú bí obìnrin yẹn, ó sì lẹ́tọ̀ọ́. Ọdún 1997 tí wọ́n tún para pọ̀ ṣe The Dance ni gbogbo ayé tó wá mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i, àpò kan náà ni òun náà ti wá, ẹ gbé e padà sínú Rumours lónìí, ó máa bá wọn jókòó.

Moves Like Jagger ò bá ẹnì kankan jókòó. April 2011 ni The Voice, ìdíje orin kan, bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, Levine àti akọrin Christina Aguilera wà lára àwọn olùkọ́ ibẹ̀, June ni wọ́n kọ orin yìí níbẹ̀, July ni wọ́n tún Hands All Over gbé jáde tí wọ́n sì ti kó o mọ́ ọn. September, ipò kìíní. Ẹ wo orúkọ àwọn tó kọ ọ́ sílẹ̀: Levine, Benny Blanco, Shellback tó jẹ́ ará Sweden, Ammar Malik. Nínú mẹ́rin, ẹnì kan ṣoṣo ló jẹ́ ọmọ báǹdì. Kò kan Mutt Lange rárá. Fèrè ẹnu ló fi bẹ̀rẹ̀, ìlù dáńsì tí kọ̀ǹpútà lù wọlé, gìtá kékeré kan ń já ní ẹ̀gbẹ́, orin ti ń lọ sópin kí Aguilera tó dé. Gàrí lo rà, wọ́n bu ìrẹsì lé e.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa níbí, ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé wọ́n so ó mọ́ ọn ni. Orí mẹ́mórì kádì la ti gba gbogbo ẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn tó ń dawunlóòdù ní gáréèjì, fóònù á sì tò ó ní A, B, D. Ẹ bá mi wò ó: Last Chance, Misery, Moves Like Jagger, Never Gonna Leave This Bed, No Curtain Call. Orin àkọ́kọ́, orin bónọ́sì, orin tí wọ́n so mọ́ ọn lẹ́yìn oṣù mẹ́wàá, gbogbo wọn ń bá ara wọn ṣeré bí ẹni pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí wọn. Ìyẹn ló jẹ́ káwọn kan nínú họ́ọ̀lù máa bá mi jiyàn pé álíbọ́ọ̀mù yẹn dùn. Jagger ni wọ́n ń rántí.

Ọmọkùnrin kan láti Ìsánlú wá na ọwọ́. Ó ní, "Bùrọ̀dá, àwa ti ká orin 16, a fẹ́ fi mẹ́rin ṣe bónọ́sì, ṣé ká má ṣe é ni?" Mo bi í pé èwo nínú mẹ́rin yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ lù tí wọ́n bá pè wọ́n sí òde. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní méjì nínú wọn. Mo ní kí wọ́n kó méjì yẹn sínú ilé, ìyẹn inú álíbọ́ọ̀mù gan-an, kí wọ́n yọ mẹ́fà tó wà nínú ilé síta, kí wọ́n gbàgbé bónọ́sì ná. Tí wọ́n bá sì rí orin kan tó gbóná lọ́dún tó ń bọ̀, kí wọ́n jẹ́ kó dá dúró, kí wọ́n má so ó mọ́ ọjà àná.

Bàbá kan tó ti darí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì fún ọjọ́ pípẹ́ ló bá mi fà á jù. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, orin yẹn bọ́ wọn yó, kí ni ìbínú tìẹ?" Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní Bàbá, ẹjọ́ yín tọ́, ó bọ́ wọn yó, ẹ jẹ́ ká wo oúnjẹ tó kù lórí tábìlì. Overexposed ló tẹ̀ lé e, June 2012, Max Martin ni olórí pùròdúsà, àwọn ará ìta sì bá wọn kọ ọ̀pọ̀ orin ibẹ̀. One More Night lo ọ̀sẹ̀ 9 ní ipò kìíní. Jesse Carmichael tó ń tẹ dùùrù, tó ti wà níbẹ̀ látìgbà Kara's Flowers, gba ìsinmi lọ́dún yẹn, PJ Morton ló dúró fún un. Ẹ wá gìtá tó já nínú Misery yẹn nínú Payphone tó wà nínú Overexposed, tẹ́ ẹ bá rí i kẹ́ ẹ pè mí. Bàbá ní àwọn ò mọ Payphone, gbogbo họ́ọ̀lù bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ wọ́n ò gbà fún mi o, wọ́n ní báǹdì tí ò rówó san ní sítúdíò ò ní gìtá tó máa já. Mi ò rí èsì tó dáa fọ̀ fún wọn, a fi síbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́ Hands All Over bí mo ṣe ń gbọ́ ọ, ẹ yọ orin keje, ẹ yọ How, ẹ yọ Runaway, ẹ gbé Last Chance sẹ́yìn Stutter, ẹ fi Just a Feeling parí ẹ̀. Out of Goodbyes àti Jagger, ẹ kó wọn sí fódà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.