Ẹ Má Ju Àwọn Tó Ń Mu Igbó Sẹ́wọ̀n: Èrò Nọ́ọ̀sì Kan Lórí Òfin Wa

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo bá àwọn òbí àti ọ̀dọ́ sọ ní Àkúrẹ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè wá, mo sì fi ìbéèrè méjì tí wọ́n bi mí sí ìparí.

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Ẹ̀yin òbí, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sún síwájú, torí ọ̀rọ̀ yín la fẹ́ sọ, a ò sì fẹ́ sọ ọ́ lẹ́yìn yín.

Ìbéèrè tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé ṣé ó yẹ kí ìjọba fàyè gba igbó. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ máa retí pé n óò ní rárá, kí wọ́n kó gbogbo wọn. Èrò tèmi rèé, kí n sọ ọ́ kí a tó jìnnà. Ẹni tó ń mu igbó kò yẹ lẹ́ni tí à ń jù sẹ́wọ̀n. Ẹni tó fẹ́ gbìn ín fún oògùn ìwòsàn, kí ìjọba fún un níwèé àṣẹ, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n máa tà á ní ṣọ́ọ̀bù bí wọ́n ṣe ń ta sìgá, mi ò fara mọ́ ìyẹn, pàápàá ní Nàìjíríà tí a wà lónìí.

Ẹ jẹ́ ká ti orí òfin bẹ̀rẹ̀, torí púpọ̀ nínú wa ni kò mọ bó ṣe le tó. Láti 1935, nígbà àwọn amúnisìn, ni a ti ní òfin lórí oògùn olóró. Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé àwọn ṣọ́jà wa tó lọ jagun ní Bọ́mà àti Íńdíà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ló mú irúgbìn igbó bọ̀ wálé. Nígbà tó fi máa di 1964, Dókítà Tọ́lání Asuni, ní ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta, ti kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé àtìgbàdégbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí igbó àti àìsàn ọpọlọ ní Nàìjíríà. Oníṣègùn ti rí i, ó sì ti gbé e kalẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ìlera ni. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, àwọn ológun gba ìjọba, wọ́n sì gbà á kúrò lọ́wọ́ oníṣègùn. Òfin igbó tí wọ́n gbé jáde ní 1966 sọ pé ẹni tó bá gbìn ín, ikú tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ọdún 21. Ẹni tó bá mu ún, ẹ̀wọ̀n ọdún 10, ó kéré tán. Ọdún mẹ́wàá, nítorí èéfín!

Ní 1975 wọ́n yọ ikú kúrò, wọ́n sì dín ìjìyà ẹni tó mu ún kù sí oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn. Ó jọ pé wọ́n ti tún inú rò. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 1989, lábẹ́ Ọ̀gágun Babangida, òfin tó dá NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, sílẹ̀ tún gbé e padà sókè ju ti àtẹ̀yìnwá lọ: ẹni tí wọ́n bá ká oògùn olóró mọ́ lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n ọdún 15 sí 25. Kokéènì àti heroin wà lára èyí tí òfin náà dárúkọ, ó wá fi kún un pé àti irú wọn, abẹ́ ibẹ̀ ni àwọn agbẹjọ́rò ìjọba sì máa ń kó igbó sí. Ọmọ tí wọ́n bá rí ìdì igbó kékeré lápò rẹ̀ àti ẹni tí wọ́n bá rí heroin lápò rẹ̀, ìjìyà kan náà ni òfin kọ sílẹ̀ fún wọn. Mo ti ń ka ìlà yẹn tipẹ́, àyà mi ṣì máa ń já.

Ẹ lè ní adájọ́ kì í ka gbogbo ọdún yẹn lé wọn lórí. Òótọ́ ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, oṣù díẹ̀ tàbí ọdún kan sí méjì ni, tàbí kí wọ́n ní kó san owó. Àánú adájọ́ nìyẹn, òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tí Àjọ Ìṣirò ilẹ̀ wa ṣe pẹ̀lú UNODC, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, fi hàn pé nínú àwọn tó jẹ́ ọmọ ọdún 15 sí 64, nǹkan bíi mílíọ̀nù 10.6 ló lo igbó láàárín ọdún kan. Gbogbo ẹlẹ́wọ̀n tó wà ní Nàìjíríà pátá, pẹ̀lú àwọn tó ń dúró de ẹjọ́, kò pé 100,000. Bí òfin bá fẹ́ mú gbogbo wọn, kò ní ríbi kó wọn sí. Ó wá di pé ẹni tó bá ṣeé mú ló ń mú: ọmọ ọlọ́kadà, ọmọ ìdíkọ̀, bíríkìlà tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ọmọ olówó tó ń fa tirẹ̀ nínú yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ní Lẹ́kí, ta ni yóò kanlẹ̀kùn rẹ̀? Àwọn kan ò tilẹ̀ mu ún rí láyé wọn. Agbófinró á dá wọn dúró nítorí irun tí wọ́n dì, yóò ní òun gbọ́ òórùn igbó lára wọn, bàbá á wá lọ yáwó láti fi gba ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn aṣòfin àgbà ní Àbújá sì tún dìbò ní oṣù karùn-ún 2024 pé kí wọ́n sọ ìjìyà oníṣòwò oògùn olóró di ikú. Ẹ̀yìn là ń padà sí.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ apá kejì yìí bí ẹ ṣe gbọ́ ti àkọ́kọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́, torí mo rí i tí àwọn kan ń mi orí sí mi tayọ̀tayọ̀. Igbó kì í ṣe ewé lásán. Ohun tó wà nínú rẹ̀ tó ń gbé ojú ẹni ni THC. Ọpọlọ ènìyàn kì í dàgbà tán títí tí onítọ̀hún fi ń sún mọ́ ọmọ ọdún 25, ẹni tó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún ní ọmọ ọdún 14 ń da nǹkan sí ilé tí wọn kò tí ì kọ́ tán. Dókítà Marta Di Forti àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní King's College London gbé ìwádìí kan jáde ní 2019, láti ibi 11 ní Yúróòpù àti Brazil: ẹni tó ń mu igbó líle lójoojúmọ́, ó ṣeé ṣe kí ọpọlọ rẹ̀ dàrú ní nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún ju ti ẹni tí kò mu ún rí. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń mu igbó kì í ya wèrè, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn dẹ́rù bà yín. Àmọ́ àwọn tó ya á, èmi ni mo máa ń wẹ̀ fún wọn, èmi ni mo máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹun.

Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí, kí ẹ̀yin òbí fi mọ̀ ọ́n. Ọmọ á máa dá wà. Oorun rẹ̀ á yí, yóò máa jí lóru, yóò máa sùn lọ́sàn-án. Ìmọ́tótó á kúrò lọ́rọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò ní àwọn ará àdúgbò ń sọ̀rọ̀ òun, pé tẹlifíṣọ̀n ń bá òun wí. Kí ni ẹbí máa ń sọ? Wọ́n á ní ayé ló ṣe é. Ìyá á gbé e lọ sórí òkè àdúrà, bàbá á gbé e lọ sọ́dọ̀ alùfáà, níbòmíràn wọ́n á fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè é mọ́lẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2019, àjọ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn Human Rights Watch tú àṣírí bí wọ́n ṣe ń de àwọn aláìsàn ọpọlọ mọ́lẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, ní ibi ìjọsìn, lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, títí kan ilé ìjọba. Kò sí ẹlẹ́sìn kan tó lè na ìka sí ẹnìkejì nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ibi tí òfin ti ń ṣe wá ní jàǹbá jù lọ nìyí. Nígbà tí wọ́n bá gbé ọmọ náà dé ọ̀dọ̀ wa nígbẹ̀yìn, tí a bi wọ́n pé kí ló ń mu, ìyá á wo bàbá, bàbá á wo ilẹ̀, wọ́n á ní kò mu nǹkan kan. Ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n ń bà wọ́n, ìtìjú sì ń bà wọ́n pẹ̀lú. Dókítà á máa wo àìsàn tí wọ́n pa ìdajì ìtàn rẹ̀ mọ́. Ọ̀tọ̀ ni bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tí igbó da ọpọlọ rẹ̀ rú, ọ̀tọ̀ ni ti ẹni tó mu kóló, ìyẹn ewé tí wọ́n fi kẹ́míkà wọ́n, tó lè dá ènìyàn wó lójú ẹsẹ̀, ọ̀tọ̀ sì ni ti trámádọ́ọ̀lù, oògùn apàrora. Bí wọn ò bá sọ, àwa ń tá ọfà sókùnkùn. Gbogbo bí mo ṣe kórìíra ohun tí igbó ń ṣe fún ọmọ ẹlòmíràn, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí wọ́n mú ẹ̀wọ̀n kúrò níbẹ̀.

Ti àwọn àgbẹ̀ ńkọ́? A ò lè wà ní Oǹdó ká má sọ ọ́. Ẹ mọ igbó ọba tó wà ní ọ̀nà Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, ẹ sì mọ ohun tí NDLEA máa ń dáná sun níbẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2019, Gómìnà Akérédolú, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, bá ọ̀gá NDLEA ìgbà náà lọ sí Táílàńdì láti wo bí wọ́n ṣe ń gbìn ín fún oògùn. Ó ní owó ń bẹ níbẹ̀ fún ìpínlẹ̀ yìí. Ọ̀gágun Buba Marwa, tó gba ipò ní NDLEA ní 2021, kò gbà rárá. Ní tèmi, Akérédolú rí i dáadáa. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kan tí wọ́n fa èròjà rẹ̀ jáde láti ara igbó ní 2018, Epidiolex, fún irú wárápá tó máa ń mú ọmọdé tí oògùn mìíràn kì í sábà ràn. Èròjà tó wà nínú rẹ̀, CBD, kì í gbé ojú ẹni. Lẹ̀sótò ti ń fúnni níwèé àṣẹ láti 2017. Gánà fi òfin gba èyí tí THC rẹ̀ kò ju 0.3% lọ ní 2020, ilé ẹjọ́ tó ga jù fagi lé e ní 2022, ilé aṣòfin wọn sì tún un ṣe ní 2023. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé bí ìwé àṣẹ bá dé, àwọn ọlọ́lá ni yóò gbà á, àgbẹ̀ tó wà nínú igbó ọba á ṣì máa sá fún ìbọn.

Èyí tó kù ni títà ní gbangba. Kánádà ń tà á láti 2018. Jámánì kò fàyè gba ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n láti oṣù kẹrin 2024 àgbàlagbà lè gbin ìdí mẹ́ta sílé. Táílàńdì yọ ọ́ kúrò nínú oògùn olóró ní 2022, ṣọ́ọ̀bù kún gbogbo ìgboro, nígbà tó di 2025 wọ́n ní ìwé dókítà nìkan ni wọ́n tún lè fi rà á. Àwọn tó fẹ́ kí a tà á máa ń sọ pé bí ìjọba bá ń ṣọ́ ọ, ẹni tó ń rà á á mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kóló á sì kásẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni, mi ò lè fojú di í. Ṣùgbọ́n ìjọba wo? Omi ìkọ́ tó ní kodéènì, ilé oògùn ni wọ́n ti ń tà á, pẹ̀lú òfin tó dè é, àwọn ọmọ wa mu ún bí omi títí ìjọba fi fòfin de ṣíṣe é àti kíkó o wọ̀lú ní oṣù karùn-ún 2018. Ọtí inú ọ̀rá ńkọ́? NAFDAC ní òun fòfin dè é ní 2024, àwọn ilé iṣẹ́ pariwo, wọ́n tún fún wọn láyè. Ọmọ ilé ìwé ń rà á lẹ́nu géètì. Kí n tó gbà pé kí wọ́n máa ta igbó, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n rí ọmọ ọdún 13 tí wọ́n lé kúrò nídìí ìsọ̀ ọlọ́tí.

Bàbá kan bi mí pé, "Bí ẹ bá mú ẹ̀wọ̀n kúrò, Màmá, kí ni n óò fi dẹ́rù ba ọmọ mi?" Mo sọ ọ̀rọ̀ Pọ́túgàl fún un. Láti 2001, ẹni tí wọ́n bá ká oògùn mọ́ lọ́wọ́, tí kò ju èyí tí òun nìkan lè lò fún ọjọ́ mẹ́wàá, kì í lọ sílé ẹjọ́ ọ̀daràn. Ìgbìmọ̀ kékeré ni wọ́n ń mú un lọ bá, tí òṣìṣẹ́ ìlera tàbí afúnninímọ̀ràn wà nínú rẹ̀, wọ́n á bi í bó ṣe ń gbé ayé rẹ̀, wọ́n lè ní kó lọ gba ìtọ́jú, wọ́n lè ní kó san owó. Oníṣòwò rẹ̀ ṣì ń lọ sẹ́wọ̀n. Àwa náà ní ibi tí a lè gbà bẹ̀rẹ̀: òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023, tó rọ́pò òfin wèrè ti 1958. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ aṣojú yín nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ pé kí ló ti ṣe nípa rẹ̀, àti pé ìgbà wo ni nọ́ọ̀sì ọpọlọ kan máa dé ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ní ti ẹ̀rù, bàbá, ẹ̀wọ̀n ti ń dẹ́rù bà wọ́n láti 1966.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló bèèrè ìkejì. Ó dìde, ó ní òun ń mu ún, kò ṣe òun ní nǹkan kan, kí ni mo fẹ́ kí òun ṣe? Inú mi dùn pé ó lè sọ bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn òbí. Mo ní: ọmọ mi, bó bá jẹ́ tèmi ni, jáwọ́. Bí o kò bá tí ì lè jáwọ́, má ṣe mu ún lójoojúmọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní àrùn ọpọlọ rí nínú ẹbí yín, níhà ìyá tàbí ti bàbá, ewu tìrẹ ju ti ọ̀rẹ́ rẹ lọ, ìwọ má fọwọ́ kàn án mọ́. Má ṣe pa á pọ̀ mọ́ ọtí tàbí trámádọ́ọ̀lù. Má gun ọ̀kadà tí ojú rẹ bá ṣì wà lókè. Bí o bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí tí o kò lè sùn, má dúró de ẹnikẹ́ni, wá sí ilé ìwòsàn, kí o sọ irú èyí tí o mu, iye tí o mu, àti ìgbà tí o mu ún kẹ́yìn, torí ìtọ́jú tí a máa fún ọ dá lórí rẹ̀.