Ọdún Tí Wọ́n Bí Ọmọ Ṣáájú Bàbá: Ìje GT ti 1997

Ẹ fojú inú wo ọkọ̀ kan dáadáa. Mercedes CLK GTR ni. Iná iwájú rẹ̀ ni iná CLK lásán, ọkọ̀ ìgboro Mercedes tí lọ́yà kan lè wà lọ sí kóòtù láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ibi tí àmì ìràwọ̀ wà níwájú náà jọ ọ́. Ibẹ̀ ni ìjọra wọn parí sí. Ẹńjìnnì oní-sílíńdà 12 wà lẹ́yìn awakọ̀, ọkọ̀ náà fẹ̀, ó sì rẹlẹ̀ débi pé ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan títì. Síbẹ̀, lójú òfin, ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni tó lówó lè rà, kó gba nọ́ḿbà fún un, kó sì gbé e jáde sí ìgboro ni. Báwo lọ̀rọ̀ ṣe dà bẹ́ẹ̀?

Ẹ káàbọ̀. Ìdíje FIA GT ọdún 1997, ìje àwọn ọkọ̀ tó ní ìbátan pẹ̀lú ọkọ̀ ìgboro, la fẹ́ sọ lónìí, sáà kan tí mo nífẹ̀ẹ́ sí ju gbogbo sáà ìje ọkọ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 1992, ìdíje àgbáyé tó wà fún àwọn ọkọ̀ ìje ọlọ́nà jíjìn wọlẹ̀, nítorí owó rẹ̀ ti ga ju agbára àwọn olùdíje lọ. Ní 1994, ọkùnrin mẹ́ta, Jürgen Barth, Patrick Peter àti Stéphane Ratel, kó orí jọ. Wọ́n fi lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ ìdílé wọn sọ ìdíje tuntun kan ní BPR. Èrò wọn kò le: kí àwọn olówó àti ẹgbẹ́ kéékèèké gbé ọkọ̀ tó ní ìbátan pẹ̀lú ọkọ̀ ìgboro wá, kí wọ́n fi sáré fún wákàtí gígùn.

Ọkọ̀ tó gbayì jù nínú wọn ni McLaren F1. Gordon Murray ló yà á, ìgboro ló sì yà á fún. Awakọ̀ jókòó sí àárín gbùngbùn, èrò méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún àti òsì, wúrà sì ni wọ́n fi bo inú ibi tí ẹńjìnnì wà kí ooru má baà ràn. Àwọn oníbàárà ló bẹ Murray títí tó fi gbà láti ṣe ti ìje. Ní ọdún 1995, ọkọ̀ náà lọ sí Le Mans ní ilẹ̀ Faransé, ó sáré fún wákàtí 24 nínú òjò, ó sì gba ipò kìíní, ìkẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún. Ọmọ Finland kan, JJ Lehto, wà lára awakọ̀ mẹ́ta tó wa èyí tó ṣe ipò kìíní. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn.

Nínú ti McLaren, bàbá ló bí ọmọ: ọkọ̀ ìgboro kọ́kọ́ wà, ti ìje tẹ̀lé e. Porsche ló kọ́kọ́ tún òfin ìdíje náà kà dáadáa. Òfin ní kí ọkọ̀ ìgboro wà. Kò sọ pé òun ni kó kọ́kọ́ wà! Nítorí náà, ní 1996, Porsche ya ọkọ̀ ìje, ó pè é ní 911 GT1, lẹ́yìn náà ló wá ṣe díẹ̀ tó lè rìn nígboro. Gbogbo ẹni tó mọ 911, ọkọ̀ ìgboro Porsche, mọ̀ pé ẹ̀yìn pátápátá ni ẹńjìnnì rẹ̀ máa ń wà. Nínú èyí, wọ́n gbé ẹńjìnnì náà síwájú àwọn táyà ẹ̀yìn, kí ìwúwo rẹ̀ lè wà láàárín ọkọ̀. Ó wọ ìje BPR mẹ́ta ní ìparí sáà yẹn, ó sì borí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nígbà tó di 1997, FIA, àjọ tó ń darí ìje ọkọ̀ lágbàáyé, gba ìdíje náà sábẹ́ ara rẹ̀. Mercedes sì ń wá ibi tí yóò ti sáré, torí pé ìdíje tó ń sá tẹ́lẹ̀ ti kógbá sílé. Ohun tí wọ́n ṣe jọ mí lójú títí dòní. Wọ́n ra McLaren F1 GTR kan, wọ́n fi ṣe ìdánwò, wọ́n fi mọ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ borí. Láti ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọkọ̀ tiwọn títí dé ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wà á, ọjọ́ 128 péré ni! Òfin béèrè ọkọ̀ ìgboro 25. Wọ́n ṣèlérí pé yóò dé. FIA gbà kí ọmọ máa sáré lọ ná, bàbá ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ìje mọ́kànlá ló wà ní sáà náà, láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá. Wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, àyàfi Suzuka ní Japan tó jẹ́ kìlómítà 1,000. Kò sí awakọ̀ tó ń dá a ṣe. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta ló ń pín ọkọ̀ kan: ọ̀kan yóò wà á títí epo yóò fi fẹ́ tán, yóò yà sọ́dọ̀ àwọn makáníìkì, wọn yóò rọ epo, wọn yóò pààrọ̀ táyà, ẹnì kejì yóò sì bọ́ sórí ìjókòó. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé oríṣi ọkọ̀ méjì ló wà lórí títì lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn GT1 ń sá tiwọn, àwọn GT2 tí kò yára tó wọn náà ń sá tiwọn. Ẹni tó wà níwájú gbọ́dọ̀ máa já àwọn tó lọ́ra kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ní kọ́nà, nínú òjò, nígbà tí táyà ti jẹ. Àṣìṣe kan ṣoṣo níbẹ̀ lè ba iṣẹ́ wákàtí mẹ́rin jẹ́.

Níbi ìje àkọ́kọ́, ní Hockenheim, ní Jámánì, Mercedes tuntun yìí ló yára jù nígbà ìdánwò tí wọ́n fi ń pín ipò ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ yára yàtọ̀ sí kó pẹ́ lórí ìrìn. Lehto àti Steve Soper, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gba ìje náà nínú McLaren tí BMW ń bójú tó. Wọ́n ti fa ara ọkọ̀ náà gùn níwájú àti lẹ́yìn, kí afẹ́fẹ́ lè máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ títì. McLaren mìíràn borí ní Silverstone. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn lọ sí Helsinki, olú ìlú Finland, Lehto sì borí nílẹ̀ bàbá rẹ̀. Ìje mẹ́ta, McLaren mẹ́ta!

Ní Nürburgring, Bernd Schneider àti Klaus Ludwig gba ìje àkọ́kọ́ fún Mercedes. Lehto àti Soper dá a padà fún wọn ní Spa, ní Belgium. Lẹ́yìn ìyẹn, Mercedes kò tún sinmi: Ọ́stríà, Suzuka, Donington, ọwọ́ wọn ló bọ́ sí. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, Lehto àti Soper tún borí ní Mugello, ní Ítálì. Ẹ bá mi kà á: McLaren márùn-ún, Mercedes mẹ́rin, ìje méjì ló kù, méjèèjì ní Amẹ́ríkà.

Lójú tèmi, kò sí ẹni tó wa ọkọ̀ dáadáa ju Lehto àti Soper lọ lọ́dún yẹn. Ọkọ̀ tí wọ́n yà fún ìgboro ni wọ́n fi ń bá ọkọ̀ tí wọ́n yà fún ìje jà, wọ́n sì mú un dé òpin sáà. Ṣùgbọ́n Schneider àti Ludwig gba Sebring, wọ́n sì gba Laguna Seca. Schneider gba oyè awakọ̀ sáà náà. Porsche tó kọ́kọ́ rí àyè nínú òfin kò gba ìje kankan.

Nínú GT2, Chrysler Viper ló jọba. Ẹgbẹ́ Oreca láti ilẹ̀ Faransé ló ń darí rẹ̀. Justin Bell gba oyè awakọ̀. Bàbá tirẹ̀, Derek Bell, ti gba Le Mans lẹ́ẹ̀márùn-ún.

Ní 1998, BMW àti McLaren kò padà wá. Mercedes gba gbogbo ìje mẹ́wàá tó wà ní sáà náà. Ta ni yóò ná irú owó bẹ́ẹ̀ láti wá gba ipò kejì? Kò sẹ́ni tó fẹ́. Nígbà tí 1999 fi máa bẹ̀rẹ̀, GT1 ti kú, àwọn Viper àti ẹgbẹ́ wọn nìkan ló ń bá ìdíje lọ.

Àwọn ọkọ̀ ìgboro tí Mercedes ṣèlérí ńkọ́? Wọ́n ṣe wọ́n. Ogún ni èyí tó ní òrùlé, mẹ́fà ni èyí tí kò ní. Ìwé Guinness kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ló wọ́n jù nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣe fún títà nígbà náà, ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ dọ́là. Àmọ́ nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi máa tẹ ọwọ́ ẹni tó rà wọ́n, ìje tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe wọ́n ti kásẹ̀ nílẹ̀.