Bọ́tìnì Mẹ́ta

Kíkà: 1 Tímótì 5:23, 2 Kọ́ríńtì 12:7-10

Ẹ kú òwúrọ̀ o, ẹ̀yin ará mi. Mo mọ̀ pé "ṣé dáadáa la jí?" kì í rọrùn láti dáhùn fún àwa kan. Tí aromọléegun bá ń bá èèyàn gbé, òwúrọ̀ gan-an ló máa ń le jù. Oríkèé ọwọ́ á ti wú, á ti gan, ó sì lè ju wákàtí kan lọ kó tó dẹ̀. Láàárọ̀ yìí mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo ń bá bọ́tìnì ẹ̀wù mi jà. Méje ni wọ́n. Mo de mẹ́ta. Ìka mi kọ̀, kò mú ẹ̀kẹrin, ó kàn ń yọ̀ lọ́wọ́ mi ni. Ẹnìkejì mi ló dìde wá de ìyókù, kò sì sọ nǹkan kan.

Mo dúpẹ́ fún mẹ́ta yẹn. Mo sì dúpẹ́ pé kò sọ nǹkan kan.

"Ẹ máa dúpẹ́ nínú ohun gbogbo," ni Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Tẹsalóníkà. Nínú ni o. Kò ní ká dúpẹ́ nítorí ìrora. Ẹni tó bá ní kí ẹ máa yọ̀ pé ẹ ní àtọ̀gbẹ tàbí fóníkú-fọ̀lá-dìde, ẹ rọra kí i, kí ẹ máa bá tiyín lọ. Dáfídì tó ní kí ọkàn òun fi ìbùkún fún Olúwa náà ló sọ ní Sáàmù 6 pé omijé òun ń rin ibùsùn òun lóròòru. Ẹnu kan náà ló fi ṣe méjèèjì.

Ẹ wo Tímótì. Inú ń dà á láàmú, àìlera sì ń kọlù ú lemọ́lemọ́. Ta wá ni bàbá rẹ̀ nínú ìgbàgbọ́? Pọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń mú aṣọ ìnujú tó kan ara rẹ̀ lọ bá àwọn aláìsàn ní Éfésù, tí ara wọn sì ń yá. Éfésù yẹn náà ni Tímótì wà nígbà tó gba lẹ́tà rẹ̀! Àmọ́ Pọ́ọ̀lù ò fi aṣọ ránṣẹ́ sí i. Ó ní kó má mu omi nìkan mọ́, kó máa lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀. Ìmọ̀ràn bíi ti dókítà. Kò bi í pé ẹ̀ṣẹ̀ wo lo dá, kò ní ìgbàgbọ́ rẹ kéré. Tírófímù tó ń bá Pọ́ọ̀lù rìnrìn àjò ńkọ́? Mílétù ni Pọ́ọ̀lù fi í sí, tòun tàìsàn. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ bẹ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹ́ta nípa ẹ̀gún ara rẹ̀, ohun tó gbọ́ ni "Oore-ọ̀fẹ́ mi tó fún ọ." Mo fẹ́ràn pé Bíbélì ò fi èyí pa mọ́ fún wa.

Nítorí náà, ẹ lo òògùn yín lásìkò, kí ẹ sì dúpẹ́ bí ẹ ṣe ń gbé e mì. Ọdún 1922 ni wọ́n kọ́kọ́ gún èèyàn ní ínsúlíìnì, abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọmọ tí irú àtọ̀gbẹ tó nílò rẹ̀ bá mú kì í pẹ́ kú. Ọpẹ́ wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn, bó tilẹ̀ ń dunni.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n mo ti fi ṣe ìwọ̀ ẹja rí. Mo ń dúpẹ́ kí ọwọ́ mi lè tètè dá. Tí kò bá dá, inú á bí mi. Ọjà ni mò ń bá Ọlọ́run ná, mo wá ń pè é ní ọpẹ́.

Àwọn ọjọ́ kan sì wà tí ọpẹ́ ò ní wá rárá. Bó bá jẹ́ oorun wákàtí méjì ìdájí nìkan lẹ rí sùn, ẹ gbé e wá bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí ìyẹn náà, ẹ kérora. Róòmù 8 ní Ẹ̀mí ń bá wa bẹ̀bẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu wa.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Baba, ọ̀tun ni àánú rẹ ní òròòwúrọ̀. Tòní ni mo wá gbà, mi ò tíì béèrè tọ̀la. Àmín.

Olúwa, o ṣeun fún ọkàn mi tó ń lù ní gbogbo òru tí mi ò ṣọ́ ọ. Àmín.

Tí ìrora bá dé lónìí, má jẹ́ kí n kanra mọ́ àwọn tó ń tọ́jú mi. Fún wọn nísinmi. Ó ti ń rẹ̀ wọ́n, wọn ò kàn sọ ni. Àmín.

Mo ṣì ń tọrọ ìwòsàn, Baba. Ojú ò tì mí láti tún béèrè. Ìwọ tí o rí ẹni tó ti ń ṣàìsàn fún ọdún 38 lẹ́bàá adágún, bojú wò mí. Àmín.

Àti ẹni tó ń ka èyí lórí ibùsùn, tí kò tíì lè dìde: jókòó tì í, Olúwa, títí oríkèé rẹ̀ á fi dẹ̀. Lórúkọ Jésù. Àmín.